Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Ra Ẹ̀rọ Ìfọṣọ

  Ẹni tí ó bá ti ki ọwọ́ bọ omi ìfọṣọ ní àgbàlá ní agogo mẹ́fà àárọ̀, nínú oṣù Kejìlá tàbí oṣù Kìn-ín-ní, yóò mọ ohun tí à ń wí. Jọ́ọ̀sì, ìlú tí ó ga ju ojú òkun lọ ní nǹkan bíi 1,200 mítà, ni a tẹ̀dó sí. Òtútù ibẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ti Ìbàdàn tàbí ti Òṣogbo, omi àárọ̀ ibẹ̀ a sì máa gún ni lọ́wọ́ bí abẹ́rẹ́.

Bóyá nítorí èyí ni ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ìfọṣọ fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu àwọn ènìyàn wa lásìkò yìí. Àwọn ìyá kan ti ń dá àjọ sílẹ̀ fún un, wọ́n sì ń béèrè èyí tí ó yẹ kí wọ́n rà. Àwọn mìíràn ní ọmọ lókè òkun tí ó ti ṣèlérí pé òun yóò fi ọ̀kan ránṣẹ́. Bàbá kan tilẹ̀ wí fún wa ní gbangba, lẹ́yìn ìpàdé, pé ẹ̀rọ ìfọṣọ kò ní ṣe ju pé kí ó sọ àwọn obìnrin ilé di ọ̀lẹ. A ó gbìyànjú láti dá gbogbo wọn lóhùn, ṣùgbọ́n ti bàbá yìí ni a ó fi ṣáájú, nítorí àgbà ni.

Bàbá, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí a jọ wo ta ni ó ń fọ aṣọ nínú ilé wa. Ọjọ́ Sátidé ni ọjọ́ aṣọ ní ọ̀pọ̀ ilé. Láti ìgbà tí ilẹ̀ bá ti mọ́ títí oòrùn yóò fi kan àtàrí, ta ni ó ń tẹríba lórí ọpọ́n? Kì í ṣe bàbá. Nígbà púpọ̀, kì í tilẹ̀ ṣe ìyá, nítorí ìyá ti lọ sí ọjà. Àkọ́bí obìnrin ni, tàbí ọmọ ẹbí tí a mú wá láti ilé pé a ó rán níwèé. Ní wákàtí yẹn gan-an ni àwọn ọmọkùnrin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wà ní ibi tí wọ́n ti ń kọ́ wọn ní ìṣirò fún ìdánwò WAEC. Bí ọmọbìnrin bá ń fi wákàtí mẹ́rin fọ aṣọ lọ́sẹ̀, wákàtí 200 àti díẹ̀ ni ó ti lọ lọ́dún. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọgbọ́n wò ó. Ẹ̀rọ ìfọṣọ kò sọ ẹnikẹ́ni di ọ̀lẹ. Wákàtí ọmọ ni ó ń dá padà fún ọmọ. Bí a bá ra ẹ̀rọ tán tí a sì tún fi iṣẹ́ mìíràn rọ́pò fún ọmọ náà kí ó má bàa jókòó, a jẹ́ pé a kò rí ìdí tí a fi rà á.

Síbẹ̀, a kò wí pé kí gbogbo ilé sáré lọ ra ẹ̀rọ. Àwọn àgbà wa wí pé ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹ̀rọ ìfọṣọ rí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa lọ sí ìsọ̀, wọn a rí èyí tí ó ń dán, wọn a rántí pé irú rẹ̀ wà nílé ọ̀rẹ́ wọn ní Àbújá, wọn a sì sanwó. Nígbà tí wọ́n bá gbé e délé ni wọ́n máa tó rántí pé omi ẹ̀rọ kì í yọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ lọ. Àwa ti rí èyí tí wọ́n fi aṣọ funfun bò, tí wọ́n sì gbé tẹlifíṣọ̀n lé lórí. Owó àjọ ọdún kan ni ó di tábìlì bẹ́ẹ̀.

Oríṣi mẹ́ta ni ó wà ní ọjà. Èkíní ni ọlọ́pọ́n méjì, èyí tí àwọn oníṣòwò ń pè ní twin tub. Inú ọpọ́n kan ni a ti ń fọ aṣọ. Èkejì, tí ó kéré sí i, ni ó ń fún omi kúrò lára rẹ̀. Ènìyàn ni ó ń da omi sí i, ènìyàn ni ó sì ń kó aṣọ láti inú ọpọ́n kan sínú èkejì, nítorí náà ẹni tí ń lò ó kò lè fi í sílẹ̀ kí ó gba ọjà lọ. Oríṣi kejì ni ẹlẹ́nu-òkè, tí a ń ti òkè kó aṣọ sí, tí ó sì ń dá fọ̀, tí ó ń dá ṣàn, tí ó ń dá fún. Ẹ̀kẹta ni ẹlẹ́nu-iwájú, tí ó ní ilẹ̀kùn gíláàsì róbótó níwájú. Òun náà ń dá ṣe gbogbo rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń fi iná ara rẹ̀ mú omi gbóná. Bí a bá wo mímọ́ aṣọ àti ìwọ̀n omi nìkan, ẹlẹ́nu-iwájú ni ọ̀gá. Bí a bá wo ilé tí a ó gbé e sí, ọ̀rọ̀ yí padà.

Ohun èkíní tí a ó wò ni omi. Ẹlẹ́nu-iwájú tí ó gba aṣọ kílò 7 lè fi lítà 40 sí 60 fọ̀ ọ́ tán, ìyẹn bíi kẹ́ẹ̀gì mai ruwa méjì, nítorí kẹ́ẹ̀gì kan jẹ́ lítà 25. Ẹlẹ́nu-òkè lè mu tó lítà 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin. Ẹni tí ó ń ra omi kí ó yára ṣe ìṣirò yìí, kí ó sì fi iye tí mai ruwa àdúgbò rẹ̀ ń gbà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ń gbé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kí ó rántí pẹ̀lú pé kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin wúwo tó kílò 100, ènìyàn kan ni yóò sì rù ú gun àtẹ̀gùn.

Ṣùgbọ́n iye omi nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀. Ẹlẹ́nu-iwájú àti ẹlẹ́nu-òkè fẹ́ kí omi fi agbára wọlé láti inú páìpù, a kò dá wọn fún omi garawa. Inú ìwé tí ó bá ẹ̀rọ wá ni wọ́n ń kọ agbára omi tí ó kéré jù tí ẹ̀rọ lè gbà sí, wọ́n sì sábà máa ń fi bar kà á. Ọ̀nà tí a fi lè wọn tiwa rọrùn. Bí ìsàlẹ̀ omi inú táńkì bá ga ju ẹnu ẹ̀rọ lọ ní mítà 10, agbára rẹ̀ jẹ́ bar 1. Bí ó bá ga jù ú lọ ní mítà 5, ó jẹ́ ìdajì bar. Nítorí náà, bí ìwé bá béèrè ìdajì bar, tí táńkì yín sì jókòó sórí búlọ́ọ̀kù mẹ́rin nílẹ̀ àgbàlá, ẹ̀rọ náà yóò máa dúró de omi, yóò sì máa fi iná tàn pé òun kò rí omi. Ẹni tí ó kọ́ òpó gíga fún táńkì, tí bohóòlù sì ń fún un lómi, lè ra ẹlẹ́nu-iwájú kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ẹni tí ó ń fa omi láti inú kànga, tàbí tí ó ń rà á lọ́wọ́ mai ruwa, ọlọ́pọ́n méjì ni tirẹ̀.

Ọlọ́pọ́n méjì tún ní ọgbọ́n kan tí àwọn yòókù kò ní. Omi ọṣẹ kan náà lè fọ aṣọ ìpele mẹ́ta, bí a bá tò wọ́n dáradára. Aṣọ funfun ni a ó kọ́kọ́ kó sí i, a ó kó o jáde. Lẹ́yìn rẹ̀ ni aṣọ aláwọ̀ tí kò ṣí, kí aṣọ dúdú, ṣòkòtò iṣẹ́ àti aṣọ eléruku sì ṣe ìkẹyìn. Omi tí a fi ṣan aṣọ funfun lẹ́ẹ̀kejì mọ́ tó láti fi ṣan aṣọ aláwọ̀ lẹ́ẹ̀kíní. Èyí tí ó bá kù ní ìkẹyìn, a fi fọ balùwẹ̀, a dà á sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Àwọn ìyá wa tí wọ́n dàgbà sí etí odò Ọ̀ṣun àti odò Ògùn kò mọ ìṣirò yìí nítorí omi pọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Àwa tí a wà lókè yìí ní láti mọ̀ ọ́n.

Ohun kejì ni iná. Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ̀rọ̀ owó rẹ̀ kí ó yé gbogbo wa. Yúnìtì kan tí a ń rà sínú mítà ni iná tí ohun èlò oní 1,000 wáàtì máa ń jẹ ní wákàtí kan. Ọlọ́pọ́n méjì lè gba nǹkan bíi 400 wáàtì nígbà tí ó bá ń fọ̀, ó sì lè gba 200 nígbà tí ó bá ń fún. Bí a bá fọ̀ tí a sì ṣàn fún ìṣẹ́jú 25, tí a fún aṣọ fún ìṣẹ́jú 10, gbogbo rẹ̀ kò ju ìdá márùn-ún yúnìtì kan lọ. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, ìjọba gbé iye owó yúnìtì kan fún àwọn tí wọ́n wà ní Band A lọ sí 225 náírà, kí wọ́n tó dín in kù sí 206 náírà àti 80 kọ́bọ̀ nínú oṣù Karùn-ún. Iye owó iná a máa yí padà, kí olúkúlùkù fi tirẹ̀ sí i. Bí a bá tilẹ̀ fi 225 náírà ṣírò rẹ̀, iná tí ọlọ́pọ́n méjì fi fọ aṣọ yẹn jẹ́ 45 náírà.

Ẹlẹ́nu-iwájú pẹ̀lú kì í jẹ iná púpọ̀ bí a bá fi omi tútù fọ aṣọ nínú rẹ̀. Omi gbígbóná ni ó ń jẹ iná. Irin tí ń mú omi gbóná nínú rẹ̀ lè gba 2,000 wáàtì, ìfọṣọ kan ní ìwọ̀n ooru 60 sì lè jẹ tó yúnìtì kan. Ọṣẹ ayé òde òní ń ṣiṣẹ́ nínú omi tútù. Aṣọ aláìsàn, aṣọ ìnura àti ìtẹ́dìí ọmọ ọwọ́ ni ó yẹ fún omi gbígbóná, kì í ṣe gbogbo ẹ̀wù.

Ọ̀rọ̀ iná kò parí sórí owó. Bí iná bá lọ nígbà tí ẹlẹ́nu-iwájú ń ṣiṣẹ́, ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì, aṣọ wà nínú omi, a ó sì máa dúró. Bí iná bá lọ nígbà tí ọlọ́pọ́n méjì ń ṣiṣẹ́, a ṣí ìdérí, a kó aṣọ jáde, a fi ọwọ́ parí rẹ̀. Bí iná kò bá sì lágbára, tí ó wálẹ̀ láti 230 fóòtì sí 160, ẹ́ńjìnì ẹ̀rọ a máa kùn, a máa gbóná, ó sì lè jóná. Ẹni tí iná àdúgbò rẹ̀ ń lọ sókè sódò kí ó ka owó stabilizer mọ́ owó ẹ̀rọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ní ti jẹnẹrétọ̀, èyí kékeré tí gbogbo wa ń pè ní I better pass my neighbour kò lè gbé ju nǹkan bíi 650 wáàtì lọ. Kò lè gbé irin amómigbóná rárá. Ọlọ́pọ́n méjì lè bá a ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n gbogbo ẹ́ńjìnì ni ó ń fa iná púpọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ nígbà tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra, nítorí náà ẹ pa àwọn nǹkan yòókù kí ẹ tó tàn án. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe gbé jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí sí ẹ̀yìn fèrèsé nítorí aṣọ. Èéfín rẹ̀ ń pa ènìyàn láìsí pé ó rùn. Àwọn tí wọ́n ti fi iná oòrùn sí ilé kí wọ́n máa fọ aṣọ láàárín agogo mọ́kànlá sí agogo méjì, nígbà tí oòrùn ń ṣiṣẹ́, kí wọ́n sì fi bátìrì sílẹ̀ fún alẹ́.

Ohun kẹta ni ìwọ̀n aṣọ ilé. Kílò tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ jẹ́ ti aṣọ gbígbẹ, kì í ṣe ti tútù. Ẹ̀wù ọkùnrin kan sábà máa ń jẹ́ 200 gíráàmù, ṣòkòtò jíìnsì lè tó 700, táwẹ́ẹ̀lì ńlá lè tó 500. Kí ìyá kó aṣọ ọ̀sẹ̀ kan jọ, kí ó dì í sínú aṣọ ìbora, kí ó gbé e lé òṣùwọ̀n, yóò mọ ohun tí ó yẹ òun. Ilé ènìyàn mẹ́fà tí ó ń fọ aṣọ lẹ́ẹ̀méjì lọ́sẹ̀ kò nílò ẹ̀rọ kílò 12. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹ sì kíyè sí i pé ọpọ́n ìfúnmi nínú ọlọ́pọ́n méjì kéré sí ọpọ́n ìfọṣọ, nítorí náà ẹ̀ẹ̀mejì ni a ó fún ohun tí a fọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí a bá rọ́ aṣọ kún un títí ó fi kún àkúnya, kò ní mọ́, ẹ̀rọ yóò sì tètè bàjẹ́. Àṣejù ni baba àṣetẹ́.

Ìfúnmi yìí ni èrè tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà. Ọpọ́n ìfúnmi lè yí ju ìgbà 1,300 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan, bẹ́ẹ̀ ni aṣọ ń jáde pẹ̀lú ọ̀rinrin díẹ̀. Nínú oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ, nígbà tí òjò Jọ́ọ̀sì kò bá dáwọ́ dúró, tí aṣọ ilé ẹ̀kọ́ sì ń rùn lórí okùn, ìgbà yẹn ni a ó mọ ìwúlò rẹ̀. Ní ìgbà ọyẹ́ pẹ̀lú, aṣọ tí a ti fún dáradára kì í pẹ́ níta tó bẹ́ẹ̀ tí eruku yóò fi pọ́n ọn.

Nísinsin yìí, a kọjú sí àwọn tí ọmọ wọn fẹ́ fi ẹ̀rọ ránṣẹ́. Ọlọ́run yóò bù sí ọwọ́ wọn. Ṣùgbọ́n kí ẹ wí fún ẹni tí ó wà ní Amẹ́ríkà pé iná ọ̀hún jẹ́ 120 fóòtì, 60 hertz, tiwa sì jẹ́ 230 fóòtì, 50 hertz. Bí a bá ki irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ mọ́ iná wa ní tààrà, yóò jóná. Bí a bá ra ẹ̀rọ tí ń dín fóòtì kù, ìyẹn lè dín fóòtì kù ṣùgbọ́n kò lè yí 60 padà sí 50, ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì a sì máa gbóná nítorí rẹ̀. Iná Ìlú Ọba bá tiwa mu ní ti èyí. Síbẹ̀, bí owó ọkọ̀ ojú omi àti owó ibodè bá ti wọlé, ó lè ju owó ẹ̀rọ tuntun níhìn-ín lọ, kò sì ní gàrántì kankan. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ọmọ fi owó ránṣẹ́, kí ìyá fi ojú ara rẹ̀ yan ohun tí ó bá ilé rẹ̀ mu. Ẹni tí yóò bá sì ra tòkunbọ̀ lọ́jà, kí ó má ṣe gbé e kúrò níbẹ̀ títí wọn yóò fi ki í mọ́ iná, tí wọn yóò bu omi sí i, tí yóò sì yí lójú rẹ̀.

Kí a tó sanwó, ẹ jẹ́ kí a béèrè ọ̀rọ̀ méjì lọ́wọ́ ẹni tí ń tà á. Èkíní, ta ni yóò tún un ṣe ní ìlú Jọ́ọ̀sì yìí bí ó bá bàjẹ́? Gàrántì tí ó jẹ́ pé Èkó ni a ó ti lọ jẹ ẹ́ kò wúlò púpọ̀ fún wa. Èkejì, ṣé ẹ̀yà ara rẹ̀, bíi bẹ́líìtì àti páìpù, wà ní ọjà wa? Ẹ gba ìwé owó, ẹ kọ ọjọ́ sí i, ẹ fi í pamọ́ pẹ̀lú ìwé ilẹ̀.

Bí ẹ̀rọ bá délé, ẹni tí ó ra ẹlẹ́nu-iwájú kí ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn ìdè irin gígùn kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi di inú rẹ̀ mú kí ó má bàa mì nínú ọkọ̀. Ẹ tú wọn kúrò kí ẹ tó tàn án, ẹ sì fi wọ́n pamọ́ fún ọjọ́ tí ẹ ó kó lọ sí ilé mìíràn. Ẹ̀rọ tí a kò tú ìdè rẹ̀ yóò máa fò káàkiri ilé bí eégún, yóò sì ba ara rẹ̀ jẹ́. Ẹ gbé e sí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú. Rọ́bà tí omi ìdọ̀tí ń gbà jáde lára ọ̀pọ̀ ọlọ́pọ́n méjì gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀, nítorí omi fúnra rẹ̀ ni yóò ṣàn. Ti ẹlẹ́nu-iwájú ni kí a fi kọ́ òkè bí ìwé rẹ̀ ti wí, nítorí ẹ̀rọ ni ó ń tì í jáde. Ọṣẹ tí ń hó púpọ̀, tí a fi ń fọ aṣọ lọ́wọ́, kò yẹ ẹlẹ́nu-iwájú. Ẹ béèrè èyí tí wọ́n ṣe fún un.

Ẹ má ṣe fi ẹsẹ̀ lásán dúró nínú omi kí ẹ sì máa tan sọ́kẹ́ẹ̀tì. Pílọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni kí ó wà lára ẹ̀rọ, kí wáyà ilẹ̀ sì wà nínú ilé lóòótọ́. Ẹ kìlọ̀ fún ọmọdé kí ó má ṣe ki ọwọ́ bọ ọpọ́n ìfúnmi títí yóò fi dúró pátápátá. Aṣọ tútù tí ń yí lè wé mọ́ apá, kí ó sì ṣẹ́ ẹ.

Àwọn aṣọ kan wà tí kò gbọ́dọ̀ fojú kan ẹ̀rọ. Sányán, àlàárì, ẹtù, àti gbogbo aṣọ òkè tí a jogún tàbí tí a fi ṣe ìgbéyàwó, afẹ́fẹ́ ni à ń sá wọn sí, kì í ṣe ọpọ́n. Àdìrẹ ẹlẹ́lú a máa ṣí, òun nìkan ni kí ẹ fi ọwọ́ fọ̀ nínú omi tútù. Léèsì olókùúta yóò já, òkúta rẹ̀ yóò sì dí ẹ̀rọ. Ánkárá ẹgbẹ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rán, ẹ rẹ igun rẹ̀ kan sínú omi kí ẹ wo bóyá ó ń ṣí, kí gbogbo aṣọ funfun ilé má bàa di aṣọ ẹgbẹ́.

Ó ku ẹnì kan tí a kò gbọ́dọ̀ gbàgbé. Opó wà láàárín wa tí ó jẹ́ pé aṣọ tí ó ń bá wa fọ̀ ni ó fi ń rán ọmọ níwèé. Alágbàfọ̀ Hausa náà wà tí ó ti ń gba aṣọ wa láti ìgbà tí àwọn ọmọ wa ti wà ní jẹ́lé-ó-sinmi. Ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá wọlé, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó jẹ́ ọjọ́ tí oúnjẹ wọn yóò kúrò. Ẹ pè wọ́n kí wọ́n wá fi ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́, kí ẹ sì san owó iṣẹ́ wọn. Aṣọ tí a sá, tí a lọ̀, tí a ká, ṣì ń fẹ́ ọwọ́ ènìyàn. Ó tilẹ̀ wà lọ́kàn wa pé bí ẹgbẹ́ bá fẹ́ ran opó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, ọlọ́pọ́n méjì kan tí a dá owó jọ rà fún un lè dára ju owó oúnjẹ ọdún kan lọ. Yóò lè gba aṣọ púpọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ yóò sì sinmi. A fi ọ̀rọ̀ yìí síwájú ẹgbẹ́ ìyá, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò.

Èyí kan náà ni a ó wí fún àwọn tí wọ́n ń dá owó jọ láti fi ẹ̀rọ ta ìyàwó tuntun lọ́rẹ. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ilé tí tọkọtaya ń lọ. Yàrá kan ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tí omi rẹ̀ jẹ́ ti mai ruwa, kò gba ẹlẹ́nu-iwájú, bí ó ti wù kí ó dán tó lójú àwọn tí wọ́n wá síbi ìgbéyàwó. Ọlọ́pọ́n méjì kílò 7 yóò wúlò fún wọn, owó tí ó bá ṣẹ́ kù sì lè ra kẹ́ẹ̀gì, ọpọ́n àti stabilizer. Kí ọkọ ìyàwó náà kọ́ bí a ti ń lò ó. Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ fi ń mọ́.

Ọ̀rọ̀ wa kò pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí omi àti iná rẹ̀ dúró dáradára, kí ó ra ẹlẹ́nu-iwájú. Ẹni tí omi rẹ̀ ń ti orí kẹ̀kẹ́ mai ruwa wá, kí ó ra ọlọ́pọ́n méjì, kí ó má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tí àjọ rẹ̀ kò tíì tó, kí ó má ṣe jẹ gbèsè nítorí rẹ̀. Kí àwọn ọmọkùnrin ilé rẹ̀ bọ́ sí àgbàlá ní Sátidé tí ń bọ̀, kí wọ́n bá ẹ̀gbọ́n wọn fọ ìdajì aṣọ náà. Ìyẹn kò ná ni ní kọ́bọ̀.

A kí gbogbo ìyá ọlọ́mọ tuntun kú ewu, a sì bá àwọn tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ kẹ́dùn. Ó di oṣù tí ń bọ̀. Kí Olódùmarè pa olúkúlùkù mọ́ nínú ilé rẹ̀.